Ìyá Hasanat Fẹ́ Sọdá Títì

Títì kan ló wà láàrin ilé Ìyá Hasanat àti ilé Ìyá Gbémi ní Atíkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Títì náà kò fẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lè rí ohun tí wọ́n ń sè níwájú ilé kejì, bó bá sì jẹ́ ìkọ́kọrẹ́ ni, kò ní pẹ́ tí òórùn rẹ̀ á fi bá a níbi tó dúró sí. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún yìí, àwọn ìyá méjèèjì kò jókòó pọ̀. Wọ́n kàn ń juwọ́ síra wọn láti òkèèrè ni.

Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ìyá Hasanat, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Àlàájà Àdíját, gaàrí ló ń yan tà ní gbogbo ayé ẹ̀ kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá Gbémi ní tirẹ̀, tíṣà ni, Tíṣà náà la sì ń pè é, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, kò sì sí ọmọ ilé kan ní àdúgbò yẹn tí kò fi pàṣán kọ́ ní ìwé kíkà. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ta sí ìrọ̀lẹ́, orí bẹ́ǹṣì iwájú ilé Ìyá Gbémi lẹ máa bá àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́mọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti sunkún ọkọ tó kú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń bú ìjọba.

Ìṣubú kan ló da ọ̀rọ̀ rú. Àlàájà ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ń yọ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti jẹ tán nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìbàdí sọlẹ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa dúpẹ́, kò sí egungun kankan tó ṣẹ́. Dókítà ní kó sinmi fún ọjọ́ díẹ̀ títí ìrora náà á fi lọ, kó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Hasanat gbọ́ "kó sinmi". Kò gbọ́ "ọjọ́ díẹ̀".

Hasanat yìí ni àkọ́bí Àlàájà. Aránṣọ ni, iwájú ilé ìyá rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òun ló sì ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá láti ìgbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ àti ẹnu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà ni pé tí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ tí ọmọ wà níbẹ̀, ọmọ ni wọ́n máa bú. Tí àgbà bá ru ẹrù bọ̀ láti ọjà, ọmọ tí kò sáré lọ gbà á kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni Hasanat fi ṣe òfin ilé.

Ó ra àga onítìmùtìmù kan tó rọ̀ dáadáa, ó gbé e sí pálọ̀, ó sì fi ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Oúnjẹ á bá a níbẹ̀. Kẹ́tùlù àlùwàlá á bá a níbẹ̀ pẹ̀lú báàfù tí omi máa dà sí. Póò pàápàá á bá a níbẹ̀. Bí tẹ̀sùbáà bá bọ́ lọ́wọ́ Àlàájà, kó tó nawọ́ mú un, Hasanat á ti sáré dìde nídìí máṣíìnì. "Yèyé, ẹ fi í sílẹ̀, mò ń bọ̀." Láàárọ̀, á gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ní alẹ́, á gbé e láti orí àga padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Àwọn oníbàárà tó ń wá gba aṣọ á yọjú kí Àlàájà lórí ìtẹ́, wọ́n á ní ọmọ bíi Hasanat ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí, wọ́n á sì bẹ Ọlọ́run kó fún àwọn náà ní irú rẹ̀. Ìyìn náà dùn mọ́ Hasanat. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Yèyé ń gbẹ. Hasanat ló ń fi òrí pa á lára, òun ló sì kọ́kọ́ rí i. Itan tó ti ru àpò gaàrí láti Atíkòrí dé Òkè-Àgbò láìsọ̀, ó ti rọ̀, awọ ti ń yẹ̀ lára rẹ̀. Hasanat rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Ó fi kún òrí, ó sì tún gba ìwọ̀nba iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀wà tí Àlàájà máa ń jókòó ṣà sínú àwo, ó gbà á. Ìró tó máa ń fúnra rẹ̀ ró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró o fún un.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Gbémi, ọmọ Tíṣà, fi dé láti Abẹ́òkúta níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ojú ìyá rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, ọ̀kadà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a nígbà tó gbìyànjú àtisọdá wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbé tì í. Gbémi wá sọ fún wọn pé tí àwọn bá ti ṣe ìkórè tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun á kó ìyá òun lọ sí Abẹ́òkúta pátápátá. Ó ní ìyá òun rán òun sí Àlàájà, ó ní kó wá jókòó ti òun lórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ.

Hasanat ní kò sí ìṣòro, òun á pe àwọn géńdé méjì kí wọ́n gbé wọn sọdá.

"Àpò gaàrí ni wọ́n máa ń gbé wọlé Tíṣà," ni Àlàájà dá a lóhùn. "Ẹsẹ̀ mi ni mo fi máa ń wọ ibẹ̀."

Nígbà tí Gbémi lọ tán, Hasanat ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rí ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe. Àlàájà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ àga mú, ó fẹ́ dìde. Ìbàdí rẹ̀ gbéra díẹ̀, apá rẹ̀ gbọ̀n, ó sì padà jókòó. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni. Ó wá fa ìborùn rẹ̀ bo orí dáadáa bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Àánú ṣe Hasanat débi pé kò lè wọlé. Ó padà sídìí máṣíìnì, ó jókòó, kò rán nǹkan kan.

Láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn olùkọ́ kan wá láti yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú àti ẹ̀kọ́ eré ìmárale ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n sì pa àgọ́ sí pápá ilé-ìwé kan ní Atíkòrí láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn àgbààgbà ìlú kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irú eré ìmárale wo ni ẹni tó ń jókòó ní ọ́fíìsì fẹ́ kọ́ ẹni tó ń roko láti Atíkòrí títí dé Mamu. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, àwa náà sì mọ ara wa; kí oòrùn tó mú, ìlà ti gùn.

Dókítà Abímbọ́lá Adéníran ló yẹ Hasanat wò. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ọmọ Iwopin létí omi, tí gbogbo ìwé tó kà kò tíì gba Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń tú bẹ́líìtì ìyẹ̀jẹ̀wò kúrò lápá Hasanat, ó bi í ta ni wọ́n jọ ń gbé. Inú Hasanat dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó ṣàlàyé bí ìyá òun ṣe ṣubú àti bí òun ṣe ń tọ́jú wọn, àga, kẹ́tùlù, póò, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ìgbà wo ni ìyá fúnra wọn dìde lórí àga kẹ́yìn?" ni Dókítà bi í.

"Dókítà, n kì í jẹ́ kí wọ́n dìde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Hasanat ń dúró de ìyìn tó ti mọ́ ọn lára. Dókítà kò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó ní tí iṣẹ́ àwọn bá parí, òun á fẹ́ wá kí ìyá nílé.

Nígbà tó dé ilé, ó kúnlẹ̀ kí Àlàájà, ó bá a ṣeré díẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó béèrè gbogbo ohun tí wọ́n sọ ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Àlàájà gbìyànjú láti dìde. Àlàájà gbéra, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Hasanat ti fò sókè láti gbá a mú, ṣùgbọ́n Dókítà, tó ti dúró ti Àlàájà pẹ́kípẹ́kí, na ọwọ́ kan sí i pé kó dúró ná. Àlàájà padà jókòó. Omi wà lójú rẹ̀.

"Yèyé," ni Dókítà wí, "kí lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín ṣe?"

Kò sí ẹni tó tíì bi Àlàájà ní irú ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Wọ́n máa ń bi í ohun tó fẹ́ jẹ, wọ́n máa ń bi í bóyá ooru ń mú un. Ó wo ojú fèrèsé tó kọjú sí ìta, ó ní, "Mo fẹ́ sọdá."

Ìta ni Dókítà ti wá bá Hasanat sọ̀rọ̀, níbi tí Àlàájà kò ti ní gbọ́, nítorí kò fẹ́ dójú tì í níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní òun rí ìfẹ́ nínú gbogbo ohun tó ṣe, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n àga yẹn ló ń jẹ ẹsẹ̀ ìyá wa. Àgbà tí kò bá lo iṣan ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan péré, iṣan yẹn á ti máa rọ. Tó bá di oṣù, ẹsẹ̀ ò ní lè gbé ara mọ́. Ìṣubú lẹ̀ ń sá fún, àbí? Ẹsẹ̀ tí kò lágbára ló máa ń ṣubú. Ọjọ́ tí ẹ ò bá sí nílé tí wọ́n fẹ́ dìde, kí ni yóò gbé wọn dúró?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Hasanat wọ egungun. Ó fẹ́ gbèjà ara rẹ̀, òwe ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní ṣebí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló máa ń mu.

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni òkété fi ń rìn lọ síbi ọmú náà."

Hasanat kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà, ẹ̀rín náà sì yí padà di ẹkún. Dókítà dì í lọ́wọ́ mú títí tó fi sunkún tán.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà ọsibítù kó fọwọ́ sí i, nítorí ara kò rí bákan náà. Wọ́n lọ, ó sì ya dókítà ọ̀hún lẹ́nu pé ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ tí òun sọ ti di ti oṣù. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àga onítìmùtìmù kúrò ní pálọ̀. Àga onígi tó le ló rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yẹ̀. Àlàájà á sún síwájú lórí àga, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, á fi àyà síwájú, á sì dìde. Níbẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ ti ọwọ́ àga, Hasanat á dúró tì í. Tó bá dìde tán, á sinmi díẹ̀ kí ojú rẹ̀ má baà ṣú, á wá rọra jókòó. Wọ́n á sinmi, wọ́n á tún un ṣe. Nígbà tí ìyẹn di ìrọ̀rùn, á di ògiri mú, á gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè, á sọ wọ́n kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà kan dé ìkejì. Dókítà kìlọ̀ pé tí àyà bá ń dun wọ́n, tí òòyì bá ń kọ́ wọn tàbí tí èémí kò bá délẹ̀, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì lọ sí ọsibítù láìfi falẹ̀. Ó ní kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má yẹ̀. Ó ní kí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja wà nínú oúnjẹ wọn, nítorí iṣan kì í ti inú gaàrí nìkan jáde. Àlàájà oníṣòwò gaàrí ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí Dókítà má jẹ́ kí àwọn oníbàárà òun gbọ́.

Hasanat náà kò jókòó. Ó pe ẹni tó gé ojú sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé kó má yọ̀ mọ́. Ó ju sálúbàtà tó ti jẹ síta, ó ra bàtà tó di ẹsẹ̀ mú fún ìyá rẹ̀, ó sì fi iná tó mọ́lẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, agbára ń padà. Dókítà ti sọ pé kí wọ́n dá àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ padà fún ìyá, kó máa ṣa ẹ̀wà, kó máa ró ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kan wá dé tí Àlàájà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kẹ́tùlù àlùwàlá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí Hasanat ń tẹ̀lé e. Inú Hasanat dùn ju ọjọ́ tí wọ́n ń yìn ín lọ.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú sì rèé, a kì í rí nǹkan ká dákẹ́. Obìnrin kan tó wá gba aṣọ rí Àlàájà tó di kẹ́tùlù lọ́wọ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi Hasanat bóyá àárẹ̀ ìtọ́jú ìyá ti ń mú un ni. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yí àdúgbò po, tó fi wọ mọ́tò, tó fi dé Èkó níbi tí Mukhtar, àbúrò Hasanat, ń gbé. Mukhtar pè lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí mi, mi ò fẹ́ bá yín jà, ṣùgbọ́n wọ́n ní Yèyé ló ń pọnmi nílé báyìí. Ṣé kí ayé máa sọ pé Àlàájà ò bímọ ni?"

Ìtìjú bo Hasanat. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọlé, ó gbé kẹ́tùlù náà sórí àpótí gíga tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò lè dé. Ó ní kí Yèyé sinmi díẹ̀ ná kí ariwo lọlẹ̀. Àlàájà kò bá a jiyàn. Ó padà sórí àga, ó jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, ó jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Òdìkejì títì, Gbémi ti ń di ẹrù. Wọ́n ń rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń kó àwọn ìkòkò àti àpótí jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Hasanat gbé báàfù àti omi wá fún ìyá rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àlàájà kò na ọwọ́.

"Hasanat, jókòó." Hasanat jókòó sílẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ta lò ń tọ́jú? Èmi ni, àbí ẹnu ayé?"

Hasanat rọra sún báàfù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹnu ayé ò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan ní òdìkejì títì yẹn. Èmi ni mo ní. Bí mo bá kú sórí àga yìí, wọ́n á yìn ọ́, wọ́n á ní o tọ́jú ìyá rẹ. Ṣé ìyẹn tó ọ?"

Hasanat gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Kò sí ohun tó bà á lẹ́rù tó pé òun ń fi ọwọ́ ara òun gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ òun ní ìrìn. Nígbà tó dìde, ó sọ kẹ́tùlù náà kalẹ̀ láti orí àpótí, ó gbé e síbi tí ìyá rẹ̀ ti lè mú un. Ó wá pe Mukhtar padà. Kò pariwo. Ó ní kó wá sílé ní Sátidé, kó wá fojú rí i.

Mukhtar dé pẹ̀lú ìbínú tó ti kó sínú mọ́tò láti Èkó. Ó wọ pálọ̀, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga onígi, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àlàájà ní kó dákẹ́ ná. Ó sún síwájú, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó dìde, ó rìn wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ṣàdúrà fún un. Ìgbà tí Mukhtar wá kẹ́yìn, ńṣe ló gbé ìyá rẹ̀ láti orí àga lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì tètè dìde. Nígbà tó dìde, kò sọ̀rọ̀ ayé mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá obìnrin tó dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nílé, tó ní àwọn ni àwọn ní kí ìyá àwọn máa rìn.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò Ìyá Gbémi, Àlàájà wẹ̀, ó wọ léèsì funfun tí Hasanat rán, ó wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ó sì ní òun ti ṣe tán.

Mukhtar, tó tún ti Èkó wá nítorí ọjọ́ náà, dúró láàrin títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọlọ́kọ̀. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Ọkọ̀ gẹdú kan tó ń bọ̀ láti inú igbó pẹ̀lú ìtì igi lẹ́yìn náà dúró, awakọ̀ rẹ̀ sì pa ẹ̀rọ. Hasanat ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò dì í mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín títì, Àlàájà dúró kó lè mí. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún Hasanat láti gbé e. Ó fara dà á. Kò sí iṣẹ́ tó le tó èyí láti ọjọ́ tó ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kí ó dúró kó má gbé e.

"Mò ń bọ̀," ni Àlàájà wí. "Má tì mí."

Ó tún gbéra. Wọ́n gun àtẹ̀gùn iwájú ilé Tíṣà, ọ̀kan, èkejì. Ìyá Gbémi wà lórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó gbé orí sókè, ó béèrè pé ta nìyẹn.

"Èmi ni."

"Àdíját." Ohùn Tíṣà wálẹ̀. "O pẹ́."

"Títì yẹn ti gùn sí i," ni Àlàájà fèsì, ó sì jókòó tì í.

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, títí wọ́n fi dé orí ìjọba, wọ́n sì bú u dáadáa.

Gbémi gbé omi wá fún wọn. Ó ń sọ fún Àlàájà bí òun ṣe ti tún yàrá kan ṣe fún ìyá òun ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀, tẹlifíṣọ̀n níwájú rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa gbé gbogbo nǹkan wá bá a, tí ìyá òun kò ní nílò láti dìde fún ohunkóhun. Hasanat tẹ́tí sí i, ó rò pé ohùn òun fúnra òun lòun ń gbọ́ níwájú Dókítà. Àlàájà di Gbémi lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ojú ló ń yọ ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mú un lọ wo ojú, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ jọ máa rìn. Mo ti jókòó sórí àga tó rọ̀ yẹn rí. Ibi tó ń gbé èèyàn lọ kò dára."

Gbémi kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò gbé Tíṣà lọ. Àlàájà wà létí títì, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Hasanat gbé àga wá fún un, Àlàájà ní kí òun ṣì dúró ná, ó sì ń juwọ́ títí mọ́tò náà fi pòórá.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní òbí tó dàgbà nílé, ìtọ́jú dára, ó sì lérè. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó bá sọ àgbà di ẹni tó kàn jókòó, ìpalára ló ń ṣe fún un. Bí àgbà bá ṣubú tàbí tó ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn padà, ẹ má fi ọkàn ara yín mọ̀ ọ́n. Ẹ tún ilé ṣe kó má yọ̀, kí iná wà, kí bàtà di ẹsẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kó máa dìde, kó máa jókòó, kó máa rìn lójoojúmọ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó, kí ẹnìkan wà nítòsí rẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ohun tó bá sì rú yín lójú, ẹ lọ bi àwọn onímọ̀ ìlera tó wà nítòsí yín. Iṣẹ́ wọn ni, inú wọn á sì dùn sí i. Tí aládùúgbò bá rí ìyá yín lẹ́nu iṣẹ́ kékeré, tó sì ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ẹ lọ bi òbí yín ní òní yìí: ibo lẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín dé? Kí ẹ sì bá wọn rìn débẹ̀.